Àwo Kẹta ní Ilé Òdòdó

Àpá kan wà lórí ẹsẹ̀ mi òsì, nítòsí ọrùn ẹsẹ̀. Ó rí roboto, ó ń dán, ó sì pupa ju ara yòókù lọ. Bí mo bá wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́, okùn bàtà a máa gbá a, màá sì rántí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, àpá yẹn kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, ẹ̀gbọ́n mi sì ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìbefun láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú o. Táìpíìsì ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Òdógbolú, ọ̀gá mi kò sì tíì rí àṣìṣe nínú lẹ́tà mi rí. Ohun tí mò ń sọ yé mi dáadáa. Ohun tí kò yé mi ni bí mo ṣe fẹ́ máa gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ tí mo gbà sọ́wọ́ lọ́mọ ọjọ́ méje, tí mo wẹ̀, tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, tó wá ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ báyìí bí ẹni ń kí àlejò, tó ń pè mí ní Àǹtí. Èmi tó pè ní Mọ́mì fún odindi ọdún méje! Ta ló fà á? Èmi náà ni. Ojúkòkòrò mi ni, àti ẹnu mi yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Mojísọ́lá lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ péré ló fi jù mí lọ, a sì jọra débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í mọ ẹni tí wọ́n ń kí nínú wa. Orúkọ ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá wa máa ń lé mi yí ilé ká nítorí ẹ̀, pé ọmọ wo ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mojí gbàù bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí èèyàn fi lè yà wá sọ́tọ̀ ni àpá kan tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ òsì. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú wa. Nígbà tí ìjọba ń kó àwọn tíṣà wá láti Íńdíà, wọ́n fi ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn láti máa kọ́ ìṣirò, òun àti ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ilé tí wọ́n máa gbé. Mojí ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ òun àti ọkọ òun. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò nínú yàrá àlejò rẹ̀. Màdáámù Kámálà là ń pe ìyàwó yẹn. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, ibà sì kọlù ú débi pé kò lè gbé nǹkan kan mì àfi àkàrà. Níbi tí Mojí ti ń dín àkàrà fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan ni òróró gbígbóná ti dà sí i lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Màdáámù Kámálà ti ń pè é ní Sísítà Mojí, tó sì máa ń fi àtàǹpàkò pa àpá yẹn bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ Màdáámù lọ sí òkè Ọya, oyún Mojí ti yọ síta. Àwọn méjèèjì sunkún bí ọmọdé lọ́jọ́ náà.

Inú ìbímọ yẹn ni Mojí kú sí. Kò lò tó wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tó bí ọmọ. Ní tèmi, ilé ọkọ ti lé mi padà sílé bàbá mi nígbà yẹn, nítorí pé ọdún mẹ́fà kọjá, mi ò lóyún lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ìyá wa gbé ọmọ tuntun náà lé mi lọ́wọ́, ìbànújẹ́ àti ayọ̀ dà pọ̀ nínú mi, mo sì jẹ́wọ́ fún yín lónìí pé ayọ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú pósí, èmi ń dúpẹ́. Bàbá ọmọ lọ ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó ní òun fara mọ́ ọn kí Ṣadé máa gbé lọ́dọ̀ mi. Mo wá kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ yìí pé èmi kọ́ ni mo bí i. Mo kó gbogbo fọ́tò Mojí àti aṣọ rẹ̀ sínú àpótí onírin, mo tì í pa. Nígbà tí Ṣadé pé ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá wa ní kí n jẹ́ kí òun mú un lọ sí ìdí sàréè ní Ìbefun, kí ó kí ìyá rẹ̀. Mo fi ìbínú dá wọn lóhùn, mo ní kí ni ọmọ mi fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ òkú? Wọ́n ní, "Ọmọ ẹ? Ó dáa."

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Ṣadé pé ọmọ ọdún méje, ẹ ó rántí bí ìlú ṣe rí. Ọṣẹ, mílíìkì, ṣúgà, gbogbo rẹ̀ là ń tò fún láti àárọ̀. Ẹni tó bá rí ìrẹsì rà, á fi aṣọ bò ó wọlé ni. Àárín ìṣòro yẹn ni ilé alájà mẹ́rin kan yọ lójú ọ̀nà Ìbàdàn, funfun báláú, tí wọ́n gbin òdòdó yí ká, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lójú fèrèsé rẹ̀ gbogbo. Hòtẹ́ẹ̀lì àwọn ará Íńdíà ni, ṣùgbọ́n Ilé Òdòdó ni gbogbo ìlú ń pè é. Wọ́n ní tí èèyàn bá dé ibẹ̀, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé. Wọ́n ní àwọn ẹni ńlá láti Èkó ló ń wá gbádùn níbẹ̀. Mo ti fẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú rẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, mi ò sì ní nǹkan kan tí mo fẹ́ ṣe lójú ọ̀nà yẹn.

Ni mẹ́séńjà ilé ẹ̀kọ́ Mojí bá mú lẹ́tà kan wá fún mi lọ́jọ́ kan. Orúkọ Mojí ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò sì mọ ẹni tí wọn ì bá fún. Màdáámù Kámálà ló kọ ọ́. Ó ní àwọn ti padà láti òkè Ọya, pé òun àti ọkọ òun àti àwọn àbúrò ọkọ òun ló kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà, òun kò sì lè gbàgbé ilé tí òun kọ́kọ́ sùn nílẹ̀ yìí. Ó ní kí Sísítà Mojí wá lo ọjọ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àlejò òun, kí ó mú ọmọ tó wà nínú oyún ìjọ́sí dání. Kò mọ̀ pé ó ti kú. Ohun tó yẹ kí n ṣe hàn gbangba, àbí kò hàn? Mo tilẹ̀ ti ki bébà bọ inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo ti tẹ "Màdáámù, ó dùn mí púpọ̀..." Mo wá gbójú sókè, mo rí bí páànù ilé wa ṣe ń jò, mo sì rántí pé ojú kan náà ni èmi àti Mojí ní. Mo yọ bébà kúrò. Mo sọ fún ìyá wa pé ọ́fíìsì rán mi ní kọ́ọ̀sì lọ sí Abẹ́òkúta, pé màá mú Ṣadé dání. Mo ṣí àpótí onírin, mo yọ léèsì Mojí kan, mo wọ̀ ọ́, ó bá mi mu rẹ́gí. Mo sọ fún Ṣadé pé tí ó bá gbọ́ tí wọ́n ń pè mí ní Mojí, kó má yà á lẹ́nu, eré ni a ń ṣe. Ọmọ náà fẹ́ràn eré, ó ní ó dáa.

Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ dára o! Òkúta funfun tó ń dán ni ilẹ̀ rẹ̀, òórùn tùràrí ń ta sánsán, ife idẹ àti àtùpà idẹ wà káàkiri. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títí, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, ló jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ àlejò. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Kí lorúkọ yín mà?" Mo ní, "Mojísọ́lá ni." Ojú mi ò ṣẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni ilẹ̀kùn dígí tó wà lẹ́yìn mi tún ṣí, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi lọ́rùn. Mo rò pé àlejò mìíràn ló ń wọlé. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan, ilẹ̀kùn náà sì rọra padé.

Màdáámù Kámálà sáré jáde nínú aṣọ sílíìkì rẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, "Sísítà Mojí! Sísítà Mojí!" Ó fi mí jókòó, ó gbé abọ́ idẹ tí òdòdó ń léfòó nínú omi rẹ̀ wá, òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀ mi. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì. Mo rí i tí àtàǹpàkò rẹ̀ lọ tààrà síbi tí àpá yẹn yẹ kó wà. Ó tẹ ibẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó dúró. Ó gbójú sókè wò mí, mo rẹ́rìn-ín bí Mojí ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ó ti pòórá, Màdáámù. Wọ́n fún mi ní òróró kan tí mo fi ń pa á." Ó wá wo ẹ̀yìn mi, ó wo òkè èjìká mi òsì, ojú rẹ̀ sì tún mọ́lẹ̀ kedere bíi ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé abọ́ méjì sí i wá. Ó fọ ẹsẹ̀ Ṣadé nínú ọ̀kan. Èkejì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, mo rò pé omi tí wọ́n á fi ṣan ẹsẹ̀ wa ni. Lẹ́yìn náà ló tan àtùpà, tó yí i po níwájú wa, tó fi nǹkan pupa tọ́ wa níwájú orí, tó sì gbé ẹ̀gbà òdòdó sí wa lọ́rùn.

Àjà kẹta ni yàrá wa wà. Bẹ́ẹ̀dì rọ̀, omi gbígbóná ń jáde lára ògiri, wọ́n sì fi ewé òdòdó kọ MOJÍ sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn wa. Mi ò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń fò ó ni, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Màdáámù fúnra rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ wa wá. Àwo mẹ́ta ló ń tò sórí tábìlì nígbà gbogbo. Tèmi àti ti Ṣadé kún fún ìrẹsì olóòórùn dídùn, ọbẹ̀ ẹ̀wà, wàrà, àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n dín tó wú bíi bọ́ọ̀lù. Nínú àwo kẹta, àkàrà nìkan ló wà. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ bá wa jẹun ni, ṣùgbọ́n kò jókòó rí, orí ìdúró ló ń wà tí á máa rọ̀ wá pé ká jẹ sí i.

Nǹkan kan tún wà. Obìnrin yìí kì í wo ojú mi. Bó bá ń sọ pé, "Sísítà Mojí, ẹ jẹun o. Sísítà Mojí, ṣé ara yín yá?" àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló máa kọjú sí. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í ranjú mọ́ àgbà. Bí ìyá wa bá ń bá wa wí, ilẹ̀ là ń wò. Ṣé nǹkan mìíràn ni ì bá tún wá sí mi lọ́kàn? Mo ní àṣé báyìí náà ni wọ́n ń ṣe ní Íńdíà, àṣé ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún àlejò pọ̀ débi pé wọn kì í wò ó lójú. Inú mi tilẹ̀ ń dùn, mo ń nà ró bí ìyàwó ọba. Mò ń dáhùn: "A dúpẹ́, Màdáámù. Ara le." Gbogbo ìkíni tó bá kí àga yẹn, èmi ni mò ń jẹ́ ẹ. Tó bá sì jáde, tí mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan àkàrà inú àwo kẹta, mo máa ń fà á sọ́dọ̀, màá jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ṣé kí n wá jẹ́ kí wọ́n kó o dànù, lásìkò tí ìlú ń tò fún oúnjẹ? Ó gbóná, ó rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní iyọ̀ rárá. Ṣadé ní, "Mọ́mì, ẹ má jẹ ẹ́ tán." Mo ní ṣé òun náà fẹ́ jẹ ni? Ó mi orí pé rárá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a lọ wo ọgbà òdòdó. Nígbà tí a padà, Títí wà nínú yàrá wa, ó ń gbé fọ́tò kan kọ́ sára ògiri. Mojí ni, òun àti Màdáámù Kámálà níwájú ilé Mojí, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Màdáámù ló ní kó gbé e wá kí inú mi lè dùn. Ṣùgbọ́n Títí, ọmọ dáadáa, kò fẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ó ti máa ń rí fọ́tò ìyá Màdáámù ní ọ́fíìsì, tí ẹ̀gbà òdòdó wà lára rẹ̀, ó sì rò pé bí wọ́n ṣe ń yẹ́ èèyàn sí nìyẹn. Ó bá so ẹ̀gbà òdòdó mọ́ fọ́tò tiwa náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ó ṣeun. Ni Màdáámù bá wọlé, ó rí i, ó figbe ta. Ó já òdòdó náà bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló kú? Ta ló kú níbí?" Ó ní nílẹ̀ àwọn, ọrùn ẹni tó wà láàyè gan-an ni wọ́n ń gbé òdòdó sí, tó bá ti di ti fọ́tò, òkú ni wọ́n ń ṣe é fún. Títí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màdáámù yí padà, ó kúnlẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ní, "Sísítà Mojí, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ ó pẹ́ láyé. Ọmọ yìí kò mọ̀ ni."

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà o. Kì í ṣe èmi ló kúnlẹ̀ fún. Àga kan tó wà lójú fèrèsé ló kúnlẹ̀ fún, kò sì sí ẹnì kankan lórí àga náà. Mo ṣáà ní, "Kò sí nǹkan kan, Màdáámù." Mo wá wo Ṣadé. Àga yẹn ni òun náà ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó yẹ kí n kó ẹrù mi lójú ẹsẹ̀, ẹ máa bi mí pé kí ló dá mi dúró. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo ní ọjọ́ kan péré ló kù, mo ní ojú mi ló ń ṣe mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbà òdòdó ti wà lára fọ́tò padà, òdòdó tútù, ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ara mi bù máṣọ. Ṣadé jókòó sílẹ̀ níwájú àga ojú fèrèsé, ó kẹ́yìn sí i, bí ọmọ ṣe ń jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ẹni tó ń dirun fún un. Irun rẹ̀ tí mo fi òwú dì nílé ti di ṣùkú, ó mọ́, ó gún, irú èyí tí Mojí máa ń dì fún mi nígbà tí a wà lọ́mọge. Èmi kò mọ irun dì bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Ṣadé, ta ló di irun ẹ?" Ó ní, "Mọ́mì ni." Mo ní, "Mọ́mì wo? Èmi kọ́!" Ó wò mí bí ìgbà tí àánú mi ń ṣe é. Ó ní, "Mi ò pè yín. Mọ́mì inú fọ́tò ni. Wọ́n ní eré tí ẹ̀ ń ṣe ti tó. Wọ́n ní ẹ ti tọ́jú mi dáadáa, kí n máa pè yín ní Àǹtí."

Yéè! Mi ò mọ bí mo ṣe kó ẹrù. Mo fa ọmọ náà lọ́wọ́, a sọ̀ kalẹ̀, òógùn bò mí nínú òtútù yẹn. Ṣùgbọ́n Màdáámù Kámálà ti dúró níbi àbáwọlé pẹ̀lú àtùpà rẹ̀, ó ní àlejò kì í jáde nílé òun láì jẹ́ pé òun yí àtùpà fún un. Ó yí i po níwájú Ṣadé. Ó yí i po níwájú mi, ó ní, "Ẹ ṣé, àbúrò, tí ẹ bá wọn wá." Àbúrò! Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé láti ìgbà tó ti fọ ẹsẹ̀ mi, obìnrin yìí kò tíì kọjú sí mi pè mí ní Mojí lẹ́ẹ̀kan. Ó wá yí sí ẹ̀gbẹ́ mi òsì, níbi tí kò sí nǹkan kan, ó gbé àtùpà sókè déwọ̀n ibi tí ojú èèyàn máa wà. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Sísítà Mojí, ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ nìkan ni ẹ ń bá ṣeré. Kí ni mo ṣe fún yín?" Mo wo ìsàlẹ̀. Ọwọ́ Ṣadé kò sí nínú ọwọ́ mi mọ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, àwọn ìka rẹ̀ ká, bí ẹni tí wọ́n dì lọ́wọ́ mú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kígbe. Mo ní, "Mojí ti kú! Ó ti kú láti ọjọ́ tó bí ọmọ yìí! Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀!" Ohun tí mo fi pa mọ́ fún ọdún méje, èmi náà ni mo fi ẹnu ara mi lọgun ẹ̀ lójú ọmọ, láàárín àwọn àlejò. Àtùpà bọ́ lọ́wọ́ Màdáámù, òróró rẹ̀ tó ń jó dà sí mi lẹ́sẹ̀ òsì. Bí mo ṣe ń ké, mo rí ojú obìnrin náà tó ń wá ọ̀tún, tó ń wá òsì, bí ẹni tó ṣe àwátì ènìyàn rẹ̀ lọ́jà. Ṣadé rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Wọ́n ti lọ. Àǹtí, ẹ ti lé wọn lọ."

Màdáámù Kámálà ló fi aṣọ funfun di ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó dì í tán, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ pa orí aṣọ náà, bó ṣe máa ń ṣe fún Mojí láyé ìjọ́un. Mo délé, mo jẹ́wọ́ fún ìyá wa. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Àkàrà yẹn, ṣé o jẹ ẹ́?" Mo ní mo jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ṣí gèlè, wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní, "Orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ lo jẹ́, aṣọ rẹ̀ lo wọ̀, oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un lo jẹ. Tó bá wá dé, kí lo fẹ́ kó mú bí kò ṣe ọmọ rẹ̀?" Lọ́jọ́ kejì, a mú Ṣadé lọ sí ìdí sàréè ní Ìbefun, ohun tí mo kọ̀ láti ṣe lọ́dún méjì ṣáájú. Ọmọ náà dúró, ó wo òkúta, ó wo inú igbó, ó ní, "Wọn ò sí níbí." Ni ó bá yí padà, ó lọ dúró de wa nínú mọ́tò.

Ó ti pé ọdún kan báyìí. Ṣadé kò bú mi, kò ṣe mí níbi kan. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń gbálẹ̀, ó ń sọ pé "Ẹ ṣé mà, Àǹtí" bí mo bá bu oúnjẹ fún un. Kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan irun òun mọ́. Ohun tó ń bẹ̀ mí kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ní èmi ni mo pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn, èmi náà ni mo lé wọn, kí n pè wọ́n padà. Ó ń rù. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tọ́ ọmọ tí ẹ kò bí, ẹ sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré, kí ẹ jókòó, kí ẹ rọra sọ ọ́ nílé yín. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán àná, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo lọ ẹ̀wà, mo dín àkàrà, mi ò fi iyọ̀ sí i. Mo wọ léèsì yẹn. Mo to àwo mẹ́ta sórí tábìlì, mo fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, "Mojísọ́lá ni," bí mo ṣe sọ ọ́ níwájú Títí gẹ́lẹ́. Aṣọ ẹnu ọ̀nà wa mì díẹ̀. Ṣadé jáde láti inú yàrá, ó dúró, gbogbo ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Mọ́mì!" Ẹ gbà mí, láti ọdún kan ni mi ò ti gbọ́ ọ. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára mi. Àga ẹ̀gbẹ́ mi ló ń wò, tayọ̀tayọ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo sì dáhùn. Mo ní, "Ọmọ mi."

Àwo náà ṣì wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà jẹun dáadáa láàárọ̀ yìí, irun rẹ̀ sì ti wà ní ṣùkú, èmi kọ́ ni mo dì í. Tí mo bá kó àwo yẹn kúrò, mi ò ní gbọ́ Mọ́mì létí mi mọ́ láéláé. Tí mo bá fi í sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Ṣadé ń pe Mọ́mì láti ilé ìdáná báyìí, ó ti pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló yẹ kó dáhùn nínú wa?